Òkè Adó Ló So Wọ́n Pọ̀

Ọ̀rọ̀ òkè kì í tán lẹ́nu Olúfọlákẹ́. Bí ooru bá mú, tí iná lọ, tí gbogbo ilé jókòó síta tí wọ́n ń fi páálí fẹ́ ara wọn, òun ni yóò kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ pé, "Ká ní orí òkè la wà báyìí!" Bí àlejò bá ṣèèṣì bèèrè pé òkè wo, ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ọbẹ̀ lè jóná lórí sítóòfù. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò rò pé orí àpáta ni wọ́n bí i sí. Bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Ọmọ Ṣágámù ni bàbá rẹ̀, Èkó ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ló mọ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ òkè, ẹkún ló sun.

Ọdún 1974 ni. Owó epo rọ̀bì ti ń wọ ìlú wìtìwìtì, ilé-iṣẹ́ sì ń hù ní Ìsọlọ̀ bí olú. Fọlákẹ́ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aṣọ kan níbẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa yẹ aṣọ wò bó ṣe ń jáde látinú ẹ̀rọ, kó wo ibi tí òwú ti já. Bó bá ti rí i, yóò ké sí mẹkáníìkì tó ń tún ẹ̀rọ ṣe.

Gàfárù Ọlálérè ni orúkọ mẹkáníìkì náà, ọkùnrin gíga, dúdú, tí ọ̀rá ẹ̀rọ kì í tán ní èékánná rẹ̀. Bí Fọlákẹ́ bá ní, "Bọ̀dá Gàfárù, òwú tún ń já o," ìdáhùn kan ṣoṣo ló ní: "Mo ti gbọ́." Yóò tẹ̀ wọ abẹ́ ẹ̀rọ, yóò tún un ṣe, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Fún bí ọdún kan gbáko, Fọlákẹ́ kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀.

Àfi ọjọ́ kan tí Àǹtí Kúnbi, ọ̀gá àwọn obìnrin tó ń yẹ aṣọ wò, pe gbogbo wọn jọ lásìkò oúnjẹ ọ̀sán.

"Gàfárù ní òun fẹ́ kó wa lọ sí ìlú òun, Adó-Àwáyè, lọ́jọ́ Mọ́ńdè Àjíǹde. Ó ní òkè kan wà níbẹ̀ tí adágún omi wà lórí rẹ̀."

"Omi? Lórí òkè?" ni Fọlákẹ́ bèèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ló wí. Ẹ ẹ̀ rí nǹkan? Ẹni tó ń gbé títì Àìlègùn ló fẹ́ kó wa gun òkè!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Gàfárù tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì yára yọ lọ. Lọ́jọ́ náà ni Fọlákẹ́ kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé eyín rẹ̀ funfun.

Nígbà tí ọjọ́ pé, wọ́n gba bọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́. Fọlákẹ́ wọ ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbàǹgbà pẹ̀lú bàtà gogoro tó jẹ́ pé òun lóge ìgbà náà. Àǹtí Kúnbi de wíìgì tuntun. Bí wọ́n ṣe bọ́ọ́lẹ̀ ní Adó, Gàfárù wo bàtà náà, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó tún gbé e mì.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Níbẹ̀rẹ̀, ó dùn mọ́ni, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń pe ara wọn ní arúgbó. Nígbà tí wọ́n dé agbedeméjì, ni Fọlákẹ́ bá bojú wẹ̀yìn. Páànù òrùlé ilé àwọn ará Adó ti di bíi páálí ìṣáná nísàlẹ̀. Orí rẹ̀ yí. Ó jókòó gbì, ó fọwọ́ méjèèjì di àpáta mú, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn tó kù fi í ṣẹ̀fẹ̀ díẹ̀, wọ́n tẹ̀ síwájú. Gàfárù nìkan ló padà sọ̀ kalẹ̀ wá bá a.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀," ni Fọlákẹ́ wí. "Mi ò gùn mọ́. Mi ò sì lè sọ̀ kalẹ̀."

"Ibí yìí náà lẹ wá fẹ́ máa gbé?"

"Ibí yìí náà ni."

"Kò burú. Ẹ jẹ́ n lọ bá yín wá bíríkìlà."

Fọlákẹ́ gbójú sókè. Gàfárù ti jókòó tì í, ó ti na ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó wà nínú yàrá ara rẹ̀. Ó ń fọwọ́ júwe: ilé ìyá òun nìyẹn, ilé-ìwé tí wọ́n ti na òun nìyí, ọ̀hún sì ni pẹ̀tẹ́lẹ̀ àpáta tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun ti máa ń jókòó sórí màrìwò ọ̀pẹ tí wọ́n á máa yọ̀ gẹ̀rẹ̀rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, títí ìdí ṣòkòtò wọn á fi ya. "Ìyá mi fi aṣọ ìkélé lẹ ìdí ṣòkòtò mi, olódòdó pupa. Èyí ni mo wọ̀ lọ sílé-ìwé fún odidi táàmù kan."

Ẹ̀rín gbọn Fọlákẹ́ jìgìjìgì, ó gbàgbé pé ibi gíga lòun wà. Ó ń wo ọkùnrin náà, ó ń rò ó pé ṣé Mo-ti-gbọ́ òun náà nìyí?

"Bọ̀dá Gàfárù, ẹ mọ̀rọ̀ọ́ sọ tó báyìí, kí ló dé tí ẹ kì í sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́?"

"Ariwo ẹ̀rọ pọ̀ jù níbẹ̀. Èmi kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń pariwo."

Lọ́dún yẹn, Fọlákẹ́ kò dé òkè pátápátá. Ẹsẹ̀ lásán ló fi sọ̀ kalẹ̀, Gàfárù lọ níwájú, ó fi bàtà gogoro kọ̀ọ̀kan kọ́ ọwọ́ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ra ẹja bọ̀ láti Òṣòdì.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti yí padà. Nígbà tí owó Údójì, àfikún owó oṣù ìgbà náà, dé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ra rédíò àti ẹ̀rọ orin, bàtà kánfáàsì ni Fọlákẹ́ lọ rà. Ìgbà tí Àjíǹde fi máa dé, ó ti ń sáré gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì láàárọ̀ láti fi kọ́ ẹsẹ̀. Ó gun òkè náà dé òpin. Ó rí omi náà, ó dákẹ́ rọ́rọ́ láàárín àpáta, koríko yí i ká, ojú ọ̀run sì wà nínú rẹ̀ látòkè délẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó fẹ́ sí i lára kò ní èéfín nínú, kò ní ariwo ọkọ̀ akẹ́rù nínú. Ó dúró, ó ń wò ó. Gàfárù kò yọ ọ́ lẹ́nu.

Ọdún wọ̀nyẹn ló di ohun tí Fọlákẹ́ kì í sọ tán. Bí ìsinmi bá ti dé, Adó ni. Ó ní ọdún tí òjò ká wọn mọ́ òkè, tí gbogbo wọn há sábẹ́ àpáta kan tí wọ́n ń jẹ gúgúrú tó ti rin. Ó ní ọdún tí atẹ́gùn gbé wíìgì Àǹtí Kúnbi, tó ń yí gbirigbiri lọ lórí àpáta bí ẹranko, tí Gàfárù ń lé e, tí Àǹtí Kúnbi sì ń kígbe pé, "Ẹ mú un! Ẹ mú un!" Wọn ò rí i mú títí dòní. Tí wọ́n bá sì sọ̀ kalẹ̀ tán, ìyá Gàfárù á ti fi ẹ̀kọ tútù àti ọbẹ̀ ẹja gbígbẹ dúró dè wọ́n. Ìyá náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n awo Fọlákẹ́ ni ẹja máa ń pọ̀ sí jù.

Ọjọ́ kan lẹ́yìn ọdún Kérésìmesì 1975, Àǹtí Kúnbi fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níbi iṣẹ́. "Gàfárù rán mi sí ọ. Ó ní òun fẹ́ fi ọ́ ṣaya."

Fọlákẹ́ gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Kí ló dé tí kò wá sọ ọ́ fúnra rẹ̀?"

"Ó ní Ìsọlọ̀ nìyí. Ariwo pọ̀."

"Ẹ bá mi sọ fún un pé tí a bá dé òkè nígbà Àjíǹde, kó sọ ọ́ níbẹ̀."

Ó sì sọ ọ́. Létí omi náà ló ti sọ ọ́, ọ̀rọ̀ tó dùn, tó gùn, tí Fọlákẹ́ kò tún un sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó gbà fún un kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá ku ti ilé. Bàbá Fọlákẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Albert Olúbọ̀wálé, jẹ́ ọ̀gá akọ̀wé ìjọba àti alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ ilé tuntun rẹ̀ ní Ire-Akari, ní Ìsọlọ̀. Ó ti ní ẹni tó ń fojú sùn fún ọmọ rẹ̀: Babáfẹ́mi, ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ka ìwé ìṣirò owó ní Lọ́ńdọ̀nù, tó sì ń wa Pijó tuntun.

"Gàfárù?" ni bàbá wí nígbà tó gbọ́. "Mẹkáníìkì? Mùsùlùmí? Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ sókè òkun, òun ń lọ sórí òkè. Kí ló wà lórí òkè? Nọ́ńsẹ́ǹsì!"

"Ẹ jẹ́ kó wá kí yín náà, Dádì."

Gàfárù wá lọ́jọ́ Sátidé kan. Ó fọ èékánná rẹ̀ títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ó dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kó jókòó, ó jókòó sí etí àga. Bí bàbá bá bèèrè ọ̀rọ̀, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Bó bá tún bèèrè òmíràn, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Fọlákẹ́ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún. Níbo ni ọ̀rọ̀ orí òkè lọ? Ṣe ni ó dà bíi pé ọkùnrin mìíràn ló wọ aṣọ Gàfárù wá.

Níkẹyìn, bàbá ní, "Tí mo bá fún ọ lọ́mọ mi, ṣé wàá wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa?"

Gàfárù gbórí sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. "Rárá, sà."

"Kí lo wí?"

"Ẹ má bínú, sà. Inú ẹ̀sìn tí wọ́n bí mi sí ni mo wà. Tí mo bá fi í sílẹ̀ nítorí pé mo fẹ́ gba ìyàwó, ẹ ò ní mọ ohun tí mo tún lè fi sílẹ̀ lọ́la."

Bàbá dìde, ó wọ yàrá lọ. Ìpàdé parí.

Oṣù mélòó kan tó tẹ̀ lé e kò rọrùn. Babáfẹ́mi ń wá sílé, ó sì gbé Fọlákẹ́ lọ jẹ áásìkiriìmù ní Àpápá. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó mọ ọmọlúàbí ṣe, ó sì ń bèèrè ohun tó wu Fọlákẹ́. Fọlákẹ́ sọ ìtàn wíìgì fún un.

"Wọ́n sì pàdánù rẹ̀ pátápátá?" ni Babáfẹ́mi bèèrè. "Yóò ti wọ́n o."

Kò rẹ́rìn-ín rárá. Fọlákẹ́ ń lá áásìkiriìmù rẹ̀, ó ń rò ó. Ṣùgbọ́n èrò mìíràn ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù. Ṣé Gàfárù gan-an lòun fẹ́ràn ni, àbí òkè? Ẹnikẹ́ni kì í gbé orí òkè. Yàrá kan ní Àìlègùn ni wọn yóò máa gbé, àwọn ará ilé á máa tò sẹ́nu ilẹ̀kùn balùwẹ̀ láàárọ̀. Ṣé Mo-ti-gbọ́ ni yóò máa bá òun gbélé títí ayé, kí òun máa retí Àjíǹde kí òun tó rí ọkọ òun?

Ó pa á mọ́ sínú títí di ọ̀sán ọjọ́ kan ní ìgbà òjò. Gàfárù wá tún ẹ̀rọ ṣe, ó sì fẹ́ máa lọ bí ìṣe rẹ̀. Fọlákẹ́ dí i lọ́nà.

"Ìwọ ọkùnrin yìí," ó wí. Kò pe Gàfárù ní "ìwọ" rí. "Wọ́n fẹ́ fún mi lọ́kọ, o ò sọ nǹkan kan. O jókòó níwájú bàbá mi bí àlejò tó wá gba omi mu. Tó bá jẹ́ pé orí òkè nìkan lo ti fẹ́ràn mi, sọ fún mi, kí n mọ̀."

Gàfárù la ẹnu, ó ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ ń pariwo gbìràgbìrà.

"Mi ò gbọ́!" ni Fọlákẹ́ kígbe.

Gàfárù gbóhùn sókè díẹ̀.

"Mi ò gbọ́ o!"

Ni Gàfárù bá fa èémí sínú, ó kígbe pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Lẹ́sẹ̀ kan náà ni iná lọ. Gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́ wìì, ohùn rẹ̀ nìkan ló sì gba gbogbo ilé-iṣẹ́ náà kan: "MO FẸ́RÀN RẸ NÍ ÌSỌLỌ̀ NÍBÍ PẸ̀LÚ!"

Àwọn tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Àǹtí Kúnbi ní, "Ó tó gẹ́ẹ́! Èmi ti bọ́ nínú iṣẹ́ alárinà." Gàfárù ń wá ibi tí yóò gbà wọlẹ̀. Fọlákẹ́ kò jẹ́ kó lọ, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ̀lú ọ̀rá ẹ̀rọ lára rẹ̀. Gbogbo iyèméjì rẹ̀ lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ìyá Fọlákẹ́, Adéjùmọ̀kẹ́, ló kù tó wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Obìnrin yìí sanra dáadáa, orin ìyìn kì í sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ti ń wo ọmọ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Nígbà tí Àjíǹde 1977 ku díẹ̀, ó ní, "Fọlákẹ́, n ó bá yín lọ. Mo fẹ́ fojú ara mi rí ọmọ náà níbi tí ara ti tù ú."

"Mọ́mì! Kí lẹ máa sọ fún Dádì?"

"Pé mò ń lọ gbàdúrà lórí òkè. Irọ́ ni?"

Bí ó ṣe lọ nìyẹn. Ó gun òkè náà pẹ̀lú orin, bó bá dá ẹsẹ orin kan tán, á sinmi. Àwọn tó kù ti lọ tipẹ́. Gàfárù kò fà á, kò sì kán an lójú. Ní gbogbo ibi ìsinmi ló ń pa á lẹ́rìn-ín, títí tí obìnrin náà fi bẹ̀ ẹ́ pé, "Jọ̀ọ́, jẹ́ n mí ná." Nígbà tí wọ́n dé òkè, ó kúnlẹ̀ ní tòótọ́, ó gbàdúrà. Nígbà tó la ojú, ó rí Gàfárù lọ́ọ̀ọ́kán, tó kọjú sí gábàsì, tó ń forí kanlẹ̀ lórí àpáta. Ìyá ń wò ó títí ó fi parí.

"Gàfárù, ọmọ mi," ó wí, "àyè pọ̀ lókè yìí. Kò sí ẹni tó dí ẹnì kejì rẹ̀ lọ́wọ́."

Fọlákẹ́ gbọ́ "ọmọ mi" yẹn, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń nu ojú rẹ̀.

Nígbà tí ìyá dé ilé, ó ń fi òróró pa eékún. Bàbá ń wò ó. "Àdúrà wo lo lọ gbà tó fẹ́ sọ ọ́ di arọ yìí?"

"Mo ní kí Ọlọ́run bá mi rọ ọkàn ẹnì kan."

"Ta ni?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá Fọlákẹ́."

Bàbá rẹ́rìn-ín, kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àdúrà nìkan ló ṣiṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ Gàfárù ti ń yí lọ́kàn rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti sọ ọ́. Ó ti fi dán Babáfẹ́mi wò pé, ṣé yóò wọ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn, nítorí ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀tọ̀ ni Babáfẹ́mi náà ń lọ. Babáfẹ́mi ní, "Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá fẹ́, sà." Bàbá tún ní ṣé yóò kọ́lé sí Ìsọlọ̀ ni àbí Ìkẹjà? "Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá fẹ́, sà." Bàbá ránṣẹ́ pe Gàfárù.

"Ìwọ," ó wí, "gbogbo ohun tí mo sọ fún ọ lọ́jọ́sí, o ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Èyí tó ṣe pàtàkì nìkan lo sọ pé rárá sí. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ẹni tí mo bá mọ ibi tó dúró sí. Ọmọ mi ńkọ́? Ṣé ìwọ náà yóò ní kó fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀?"

"Rárá, sà. Èmi ni n ó máa sìn ín dé ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ ìsinmi."

"Tí òjò bá ń rọ̀ ńkọ́?"

"Mo ní agbòjò, sà."

Wọ́n ṣègbéyàwó ní kọ́ọ̀tù lóṣù Kẹjọ ọdún náà. Lẹ́mọ́mù àti pásítọ̀ jọ ṣàdúrà fún wọn nínú ọgbà Ire-Akari. Babáfẹ́mi wá, ó mú omidan kan tó ń ṣe nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, ara rẹ̀ sì yá gágá. Oṣù Kẹfà ọdún 1978 ni wọ́n bí ọmọbìnrin kan fún wọn, ọmọ náà gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé, wọ́n sì pè é ní Àìná.

Bàbá kò tíì dé Adó rí. Bí wọ́n bá ní kó bá àwọn lọ, ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ìparí ọdún 1979 ló wọ ọkọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́, ó wọ kóòtù, ó mú ọ̀pá dání. Ó ní òun kò ní gun nǹkan kan, òun kàn fẹ́ mọ ìyá ọkọ ọmọ òun ni. Wọ́n fi àga sí i lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́sẹ̀ òkè, láàárín àwọn àgbààgbà ìlú. Gàfárù gbé Àìná kọ́ ọrùn, òun àti Fọlákẹ́ gun òkè lọ. Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ náà débi pé kùrukùru bo òkè mọ́lẹ̀, ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò lè rí téńté rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, ohùn bàbá ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. Ó ń na ọ̀pá sínú kùrukùru, ó ń ṣàlàyé fún àwọn àgbààgbà tí wọ́n bí sẹ́sẹ̀ òkè náà.

"Tẹ́ ẹ bá gùn ún tán, ọ̀tún lẹ máa yà. Omi náà wà níbẹ̀. Kì í gbẹ, ẹ̀ẹ̀rùn ni o, òjò ni o. Ẹ ẹ̀ lè mọ̀ àfi tẹ́ ẹ bá débẹ̀."

"Háà," ni ọ̀kan nínú àwọn àgbààgbà wí jẹ́jẹ́, "a dúpẹ́ o, Bàbá Èkó."

Fọlákẹ́ fi orí pamọ́ sí èjìká ọkọ rẹ̀, ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa á. Bàbá yíjú padà, ó rí wọn.

"Kí lẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí? Ẹ gbé ọmọ yẹn wá níbí, ọyẹ́ ti fẹ́ gbẹ ẹ́ tán." Ó gbé ọmọ náà lé itan, ó sì tẹ̀ sí i létí. "Àìná, ṣé o rí omi náà?"

Ọmọ náà kò tíì mọ̀rọ̀ sọ dáadáa. Ó na ìka kékeré sókè, sínú kùrukùru.

"Ó rí i," ni bàbá sọ fún gbogbo wọn.